Ẹkùn kò jẹun mọ́ láti ìgbà tí òtútù ti dé: ṣé àìsàn ni, àbí ìgbà ló yí padà?

Ìyá Tóbi (Leeds), 20 oṣù kọkànlá

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú òtútù. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ló ń sin leopard gecko kan, ọmọ́ńlé aláwọ̀ ìyeyè tó ní àmì dúdú káàkiri ara bíi ti ẹkùn. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Ẹkùn. Oṣù kẹrin la rà á, ẹni tó tà á fún wa ní ó ti pé oṣù 8 nígbà yẹn. Ní gbogbo ìgbà ooru, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ẹkùn á ti jáde, á na ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, á máa wo Tóbi títí yóò fi fún un ní ìrẹ̀. Ìrẹ̀ 6 kì í tó o.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá aago padà sẹ́yìn ní òpin oṣù kẹwàá, ó wọnú ihò rẹ̀, kò fẹ́ jáde mọ́. Ìrẹ̀ ń rìn kọjá níwájú imú rẹ̀, á kàn rọra pa ojú dé. Òní ló pé ọjọ́ 17 tí nǹkan kan kò wọ ọ̀fun rẹ̀. Tóbi kì í sùn dáadáa mọ́. Àbúrò mi kan ní kí n ya ẹnu rẹ̀, kí n fi oúnjẹ sí i ní tipátipá. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kó bá mi dá sí i.

Àkànní (Peckham), 20 oṣù kọkànlá

Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Tóbi. Ẹ má ya ẹnu rẹ̀ o. Àgbọ̀n rẹ̀ kò lágbára, ẹ lè ṣe é léṣe. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń sin wọ́n, mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí, bí oṣù kọkànlá bá sì ti dé, méjì nínú wọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ilẹ̀ olókùúta, ilẹ̀ gbígbẹ, ni irú Ẹkùn ti ṣẹ̀ wá: Pakistan, Afghanistan, àti apá àríwá ìwọ̀-oòrùn India. Òtútù máa ń mú níbẹ̀ nígbà wíńtà, kòkòrò á sì wọ́n. Nítorí náà, yóò ti jẹun yó nígbà ooru, yóò ti kó ọ̀rá pamọ́ sínú ìrù. Bí òtútù bá dé, á wọ abẹ́ òkúta, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa lo ọ̀rá ìrù yẹn díẹ̀díẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpótí ni wọ́n bí tiyín sí, ara rẹ̀ kò gbàgbé. Ní oṣù kejìlá ní Leeds, ojúmọ́ kì í pé wákàtí 8. Ní oṣù kẹfà, ó ń lé ní 16. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ti tó láti sọ fún un pé ìgbà ti yí.

Àìjẹun nìkan kọ́ ni kí ẹ máa wò o. Ìwọ̀n rẹ̀ ni. Ẹ mú síkéèlì tí ẹ fi ń wọn ìyẹ̀fun, ẹ gbé abọ́ ike lé e, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ wá gbé Ẹkùn sínú abọ́ náà. Lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí Tóbi sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá ń sinmi fún ìgbà òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ rù. Èyí tó bá ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló yẹ kó wà. Ẹ tún wo ìrù: ṣé ó ṣì fẹ̀ tó ọrùn rẹ̀?

Ohun kan sí i: ẹ má fi ìrẹ̀ sílẹ̀ sínú àpótí mọ́jú. Bí ọmọ́ńlé kò bá jẹ ìrẹ̀, ìrẹ̀ lè máa gé ọmọ́ńlé jẹ.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Luton), 21 oṣù kọkànlá

Èmi ò rí wàhálà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ tilẹ̀ pa iná tó ń mú un móoru, kó lè sùn bí Ọlọ́run ṣe dá a. Àwọn tó ń sin wọ́n kí wọ́n lè bímọ máa ń ṣe é lọ́dọọdún.

Mopé (Birmingham), 21 oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí wọ́n pa iná kankan. Mo ti pa á rí.

Ọdún 2019 ni. Tèmi kò jẹun dáadáa mọ́, owó iná sì ń wọ̀ mí lọ́rùn. Mo kà á níbì kan pé oorun ìgbà òtútù ni, mo bá yọ iná rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí n kò rò ni pé ó ti jẹ ìdin mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ara ọmọ́ńlé kì í dá ooru tirẹ̀ ṣe bíi tiwa. Ooru tó bá fara gbà láti ilẹ̀ ló fi ń da oúnjẹ. Bí ooru bá lọ, oúnjẹ á dúró sínú ikùn, á máa jẹrà níbẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún mo gbé e lé ọwọ́. Ikùn rẹ̀ le bí òkúta wẹ́wẹ́, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, láìsí ohùn. Kò rí ọjọ́ keje. Àpótí rẹ̀ ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi títí dòní, n kò tíì lè fi nǹkan mìíràn sí i.

Àwọn tó ń jẹ́ kí wọ́n sùn lóòótọ́, wọ́n á kọ́kọ́ dá oúnjẹ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ooru á sì wà síbẹ̀, kí ìfun lè ṣófo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa dín ooru kù díẹ̀díẹ̀. Omi kì í wọ́n níbẹ̀. Wọn kì í sì í ṣe é fún ọmọdé, tàbí fún èyí tí ara rẹ̀ kò bá dá. Ẹkùn kò tíì ju oṣù 15 lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Luton), 21 oṣù kọkànlá

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. N kò ro ti oúnjẹ inú ikùn rárá. Ìyá Tóbi, ẹ má tẹ̀lé ohun tí mo kọ sókè yẹn.

Bàbá Ìbejì (Ìbàdàn), 22 oṣù kọkànlá

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Àwọn tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni mo mọ̀ ní tèmi, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó wò wọ́n lálẹ́. Tiwa yàtọ̀ sí tiyín. Tiyín ní ìpéǹpéjú, ó lè pa ojú dé. Tiwa kò ní, ahọ́n ló fi ń nu ojú rẹ̀. Tiwa ń gun ògiri, tiyín kò lè gun gíláàsì.

Ṣùgbọ́n ìgbà ń mú tiwa náà. Níhìn-ín, ìyàtọ̀ ojúmọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan, nítorí náà kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ìgbà fún wọn. Ọyẹ́ ni, òjò ni. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ dé, kòkòrò tó ń yí gílóòbù ká á dín kù, àwọn ọmọ́ńlé á há sẹ́yìn férémù àwòrán bàbá mi, ọ̀kan tàbí méjì ni màá rí lálẹ́ kan. Wọn ò ní sáré mọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan ògiri, ẹ ó rí i pé ó tutù. Tó bá wá di òjò àkọ́rọ̀, lálẹ́ tí ikán tó ń fò bá tú jáde, mo máa ń kà tó mẹ́sàn-án yí iná kan ṣoṣo ká. Wọ́n á jẹ títí ìyẹ́ ikán á fi yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn, ikùn wọn á rí rọ̀gbọ̀dọ̀.

Nítorí náà, Ìyá Tóbi, ohun tí màá bi ọ́ ni pé: kí ni ìgbà ń sọ nínú ilé tìrẹ? Fi ọwọ́ kan ilẹ̀ tí ọmọ́ńlé náà ń sùn sí, ní àárọ̀ kùtù, kí o wò ó.

Ìyá Tóbi (Leeds), 27 oṣù kọkànlá

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n dìde.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé síbí, Ẹkùn wọn gíráàmù 54. Lónìí, gíráàmù 51 ni. Àyà mi já.

Mo wá yá tẹ̀mómítà kan tí wọ́n máa ń na sí nǹkan bí ìbọn. Thermostat wa, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ooru àpótí, ń sọ pé dígírì 32. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tóbi na tẹ̀mómítà sí orí yẹ̀pẹ̀ tí Ẹkùn ń dùbúlẹ̀ sí gan-an, 24 ló sọ. A tún un nà, 24. Ní aago márùn-ún ìdájí, tí hítà ilé ti kú láti aago mẹ́wàá alẹ́, yàrá náà wà ní dígírì 14, ibi tó yẹ kó móoru jù lọ nínú àpótí kò ju 21 lọ. Abẹ́ fèrèsé ni àpótí wà o, lára ògiri ìta. Báwo ni thermostat ṣe ń sọ 32?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (Manchester), 27 oṣù kọkànlá

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú èyí máa ń dé bá wa ní gbogbo oṣù kọkànlá àti kejìlá. Mo lè fi ọkàn sọ ibi tí okùn tí thermostat yín fi ń wọn ooru wà: ó wà lábẹ́ gíláàsì, láàárín heat mat (ẹní oníná tó ń mú àpótí móoru) àti ìsàlẹ̀ àpótí, àbí? Ooru ara mat fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀n. Yẹ̀pẹ̀ tí ẹ dà sórí rẹ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe nípọn tó?

Nígbà ooru, yàrá yín fúnra rẹ̀ ti móoru, nítorí náà àlàfo yẹn kò hàn. Ẹ ò ṣe ohunkóhun tó yàtọ̀. Yàrá ló tutù tó wá tú àṣírí ohun tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹrin. Ẹkùn ṣe ohun tó yẹ: kò ní ooru tí yóò fi da á, ó bá kọ̀ ọ́. Ó gbọ́n.

Ibi tí ikùn rẹ̀ ń kàn gbọ́dọ̀ tó dígírì 31 sí 33 lójú ọ̀sán. Ẹ̀gbẹ́ kejì lè wà ní 24. Lóru, kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ilẹ̀ tó ti ṣẹ̀ wá náà ń tutù lóru, bí ooru bá ṣáà ti padà ní àárọ̀. Ẹ gbé ẹnu okùn náà wá sínú, sórí ilẹ̀ tó ń dùbúlẹ̀ sí. Ẹ má fún un lóúnjẹ kankan títí ooru yóò fi dúró déédéé fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Omi nìkan.

Gíráàmù 3 láàárín ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ jù fún ìsinmi lásán. Ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀, bó bá yà á, lọ fún àyẹ̀wò. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Cryptosporidium, ìfun ló máa ń bàjẹ́, ìrù á wá gbẹ bí igi. N kò sọ pé ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù lè bo àìsàn mọ́lẹ̀, gbogbo ènìyàn á máa sọ pé oorun ni. Kí Tóbi sì máa fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tó bá ti gbé e.

Ìyá Tóbi (Leeds), 6 oṣù kejìlá

Ó rí bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Yẹ̀pẹ̀ náà nípọn tó ìka mẹ́ta lórí heat mat. A kó o kúrò ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, a tẹ́ táìlì òkúta kan síbẹ̀, a fi ẹnu okùn lé orí rẹ̀. A gbé àpótí kúrò lábẹ́ fèrèsé lọ sí ara ògiri inú, a sì fi fóòmù bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àbúrò mi tó ní kí n ya ẹnu rẹ̀ ló wá bá wa gé fóòmù. Táìlì ti wà ní 32 láti ọjọ́ márùn-ún.

Gíráàmù 50. Kò tíì jẹun. Ṣùgbọ́n lánàá, Tóbi pè mí: Ẹkùn ti jáde, ó tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ lórí táìlì, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ là yà. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti rí i lójútáyé gbẹ̀yìn.

Ìyá Tóbi (Leeds), 19 oṣù kejìlá

Èsì àyẹ̀wò ti dé, wọn ò rí kòkòrò kankan. Gíráàmù 50 ṣì ni. Ó jẹ eéṣú kékeré kan lálẹ́ àná, ó kọ èkejì. Tóbi sáré yí ilé ká.

Ṣadé (Houston), 3 oṣù kìíní

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Mo dúpẹ́ fún Ẹkùn. Ní tèmi, òdìkejì ni wàhálà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbé ibi ooru kà á.

Crested gecko ni mo ní. Erékùṣù New Caledonia ló ti wá. Wọ́n ti rò pé ó ti parẹ́ ní ayé, àfi ìgbà tí wọ́n tún rí i ní ọdún 1994. Ooru tí Ẹkùn ń wá, ikú ni fún tèmi. Bí yàrá bá ti ń lé ní dígírì 28, kò ní jẹun mọ́, á há sí ìsàlẹ̀ àpótí, á la ẹnu. Bí ẹ̀rù bá bà á, á já ìrù rẹ̀ sílẹ̀, tirẹ̀ kì í sì í hù padà bíi ti Ẹkùn. Nítorí náà, oṣù keje àti kẹjọ ni ìgbà àwẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí ìjì Beryl jà ní oṣù keje ọdún 2024, iná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni tiwa. Ẹ̀rọ amúlétutù kò ṣiṣẹ́, ilé gbóná bí ààrò. Mo gbé e sínú kúlà tí a fi ń kó ohun mímu, mo fi aṣọ ìnura tó rin omi tẹ́ ẹ, mo fi aṣọ wé ìgò omi dídì, mo gbé e sí ìgun kan kí ó má bàa kàn án lára, mo ṣí ìdérí díẹ̀. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń pààrọ̀ ìgò, aládùúgbò wa tó ní jẹnẹrétọ̀ ló ń bá mi sọ ọ́ di yìnyín. Ó yè. Láti ìgbà náà, ìgò omi méjì kì í kúrò nínú fírísà mi bí oṣù karùn-ún bá ti dé.

Ọmọ Kétu (Kútọnu), 5 oṣù kìíní

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀kan wà tí ẹ kò tíì dárúkọ, tiwa ni: ọmọ́ńlé onírù sísanra tí àwọn òyìnbó ń pè ní fat-tailed gecko. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Kamẹrúùnù ló wà, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n kó lọ sí òkè òkun, Tógò, Gánà àti ibí ni wọ́n ti kó o. Ní oko wa, ìgbà òjò la máa ń bá a pàdé lábẹ́ òkúta àti ìtì igi, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa sá fún un pé olóró ni. Kò lóró rárá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a kì í rí i. Inú ihò ló wà níbi tí ilẹ̀ ṣì ti rọ̀. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ yín ní London, òtútù nìkan kọ́ ni kí ẹ máa bẹ̀rù fún un. Hítà tó ń gbẹ afẹ́fẹ́ yàrá dà bí ọyẹ́ fún un, ihò tó ní ọ̀rinrin ló nílò.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (Manchester), 5 oṣù kìíní

Ó ṣeun tí o dá ọ̀rọ̀ hítà sílẹ̀. Ẹkùn náà nílò ihò kan tó ní ọ̀rinrin bó bá fẹ́ bọ́ awọ, pàápàá ní àkókò yìí. Ike oúnjẹ lásán tó ní ìdérí, ẹ dá ihò sí i lára, ẹ fi tíṣù tó rin omi tẹ́ inú rẹ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tó móoru. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń jẹ́ kí awọ kù sí ìka ẹsẹ̀ bí òrùka. Òrùka yẹn á fún ìka pa, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ìka á jábọ́. Mo ti rí èyí tí ìka rẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ.

Ìyá Tóbi (Leeds), 16 oṣù kejì

Ẹ tún gbà mí o. Ẹkùn ti ń jẹ ìrẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin láti òpin oṣù kìíní, ó ti padà sí gíráàmù 53. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́jọ, ó tún ti kọ oúnjẹ. Kò sùn ní tirẹ̀ báyìí: gbogbo òru ló ń rìn lọ rìn bọ̀ lára gíláàsì, á máa gbọn ṣóńṣó ìrù rẹ̀ kíákíá, ó ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọn páálí ìṣáná. Táìlì wà ní 32, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Àkànní (Peckham), 16 oṣù kejì

Ìyá Tóbi, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Kí Tóbi gbé e sínú abọ́ tí gíláàsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kó wò ó láti abẹ́. Bó bá rí ihò tíntìntín tó tò bí orí ọfà síwájú ibi tó ń gbà yàgbẹ́, tí ibi méjì sì wú lẹ́yìn rẹ̀, akọ ni. Ojúmọ́ ti ń gùn, ara rẹ̀ ti mọ̀. Abo ló ń wá. Ìrù gbígbọ̀n yẹn ni ohùn rẹ̀. Akọ tèmi kan kò jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọdún tó kọjá, kò sì pàdánù ju gíráàmù kan lọ.

Mopé (Birmingham), 16 oṣù kejì

Bó bá jẹ́ abo, ẹ wo ikùn rẹ̀. Abo lè ní ẹyin láìrí akọ rárá, méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rí i lábẹ́ awọ bí nǹkan funfun. Ẹ fi yẹ̀pẹ̀ tó ní ọ̀rinrin sínú ike kan kó lè rí ibi yé e sí.

Ìyá Tóbi (Leeds), 16 oṣù kejì

Orí ọfà wà ńbẹ̀! Tóbi ní òun kà á, ihò kékeré 11. Akọ ni.

Ìyá Tóbi (Leeds), 22 oṣù kẹta

Gíráàmù 55. Lálẹ́ àná ló bọ́ awọ. Ó ti funfun bí ẹni tó lé ẹfun láti àárọ̀, ó wọnú ike oníhò tí Nọ́ọ̀sì ní kí a ṣe. Nígbà tó jáde, ó ń fi ẹnu fa awọ náà kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì ń jẹ ẹ́. Tóbi mú tọ́ọ̀ṣì, ó ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogún ni, ó pé. Ní aago méje ó na ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ó ń wo Tóbi.

Ìrẹ̀ mẹ́fà. Bàbá Ìbejì, mo rántí yín.

Bàbá Ìbejì (Ìbàdàn), 22 oṣù kẹta

A dúpẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ níbí lánàá náà. Mẹ́jọ ni mo kà.

Mopé (Birmingham), 23 oṣù kẹta

Mo gbé àpótí yẹn sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù lónìí, mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ jọ̀ọ́, kí n tó ra ohunkóhun, ẹ bá mi wo ibi tí n óò gbé ẹnu okùn thermostat sí.

Àkànní (Peckham), 23 oṣù kẹta

Fi àwòrán rẹ̀ síbí, àbúrò mi. Ya ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà.